Gáàsì Pọ̀ Ní Bonny, Kí Ló Dé Tó Fi Wọ́n Ní Ṣàgámù?

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí, ẹnu yín gan-an ni mo ti gbọ́ ọ. Kò sí ẹni tó gbé sílíńdà lọ sí ìdí gáàsì, ì báà ṣe ní Sábó, ì báà ṣe ní Mákùn, ì báà ṣe ní Ìkẹ́nnẹ́ tàbí Ìlíṣàn, tí kì í kùn sínú. Wọ́n ní Nàìjíríà ni gáàsì pọ̀ sí jù lọ ní gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà. Wọ́n ní ọkọ̀ ojú omi ń kó o lọ fún àwọn òyìnbó. Kí ló wá dé tí kílò kan ṣoṣo fi ń gbé owó ọjà ènìyàn mì? A kì í gbé inú odò kí ọṣẹ ó hó síni lójú, àmọ́ tiwa ti hó, ó sì ń ta wá.

Ẹ jẹ́ ká tú u wò. N ò ní fi òyìnbó da yín láàmú.

Ilé-iṣẹ́ tó ń kó gáàsì wa lọ sókè òkun yìí, NLNG ni wọ́n ń pè é. Erékùṣù Bonny ní Ìpínlẹ̀ Rivers ló wà. Ọdún 1989 ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ òfin, oṣù kẹwàá ọdún 1999 ni ọkọ̀ àkọ́kọ́ gbéra. Ọdún mẹ́wàá gbáko ló wà láàrin ìsọmọlórúkọ àti ìgbà tọ́mọ rìn. Kí wọ́n tó bí eléyìí rárá ni oyún kan ti bàjẹ́: irú iṣẹ́ yìí kan náà tí wọ́n ti ń gbèrò láàrin ọdún 1970 sí 1979 fọ́n ká láyé ìjọba Ṣàgàrí, nígbà tí àwọn òyìnbó tí wọ́n jọ fẹ́ ṣe é di ẹrù wọn, wọ́n bá tiwọn lọ.

Nínú ìpín 100 tó wà nínú NLNG, ìjọba àpapọ̀ ló ni 49, NNPC ló sì ń bá a mú un dání. Shell ní 25.6, Total ti ilẹ̀ Faransé ní 15, Eni ti Ítálì ní 10.4. Ìjọba ló ni èyí tó tóbi jù, ṣùgbọ́n kò pé ìdajì. Wọn ò ṣèèṣì ṣe é bẹ́ẹ̀. Wọn ò fẹ́ kó dà bí àwọn ilé-iṣẹ́ ìjọba tó kù, tẹ́ ẹ mọ bí wọ́n ṣe parí sí. N ò ní dárúkọ NEPA.

Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ nìyí. Gáàsì tí wọ́n bá fà látinú ilẹ̀, wọ́n á mú un tutù, á tutù ju yìnyín lọ fíìfíì, títí dé ìwọ̀n 162 nísàlẹ̀ ibi tí omi ti ń di yìnyín. Gáàsì ọ̀hún á wá di omi. Ohun tó lè kún yàrá 600 tẹ́lẹ̀ á wọ inú yàrá kan ṣoṣo. Bí wọ́n ṣe ń rí i kó sínú ọkọ̀ nìyẹn. Ẹ̀rọ ńlá tó ń ṣe iṣẹ́ náà, tírénì ni wọ́n ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, kì í ṣe tírénì rélùwéè o. Mẹ́fà ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láti ọdún 2007, agbára gbogbo wọn pọ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 22 tọ́ọ̀nù lọ́dún.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ wa ò mọ̀. Gáàsì tí ọkọ̀ ń kó lọ sílùú òyìnbó yẹn kọ́ ló wà nínú sílíńdà yín. Ọmọ ìyá ni wọ́n, wọn kì í ṣe ẹnì kan náà. Ti òkè òkun fúyẹ́, iná mànàmáná àti ilé-iṣẹ́ ńláńlá ni wọ́n ń fi í ṣe, wọ́n sì ń fi páìpù gbé e wọ ilé àwọn ènìyàn níbẹ̀. Ti ìdí ìkòkò wa wúwo jù ú lọ, ara èyí tí wọ́n fà jáde náà ni wọ́n ti ń yọ ọ́ sọ́tọ̀, bí ẹni yọ òróró lójú ọbẹ̀. Ọdún 2007 ni NLNG bẹ̀rẹ̀ sí í tà á fún wa nílé. Ní oṣù kìíní ọdún 2022, wọ́n ní gbogbo gáàsì ìdáná tó bá jáde lọ́dọ̀ àwọn, ilé ló máa dúró, kò ní kọjá òkun mọ́. Ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé e láti Bonny wá sí Èkó, kí tírọ́ọ̀kù tó gbé e gba ọ̀nà márosẹ̀ wá bá wa. Níbi tí ti ilé kò bá tó, òkè òkun la ti ń rà á kún un. Látìgbà tí ilé ìfọpo Dangote ní Lẹ́kkí ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2024, òun náà ń mú tiẹ̀ wá sọ́jà.

Nítorí náà, tí ara NLNG ò bá yá, ọ̀nà méjì ló ń gbà kàn wá. Gáàsì ìdáná tó ń ti ibẹ̀ jáde á dín kù. Dọ́là tó ń bá ibẹ̀ wọ àpò ìjọba á dín kù pẹ̀lú, náírà á tún rẹlẹ̀ sí i, gbogbo ohun tẹ́ ẹ̀ ń rà lọ́jà á sì gbówó lórí. Ara rẹ̀ ò sì yá láti bí ọdún mélòó kan.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ṣòwò obì ní Ṣàgámù, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ yìí á tètè yé jù. Ẹ mọ bẹ́ ẹ ṣe máa ń bá àwọn Haúsá tó ń ra obì ṣe àdéhùn. Ó fún ọ lówó sílẹ̀, o ní apẹ̀rẹ̀ báyìí báyìí ni wàá dì fún un lọ́jọ́ báyìí. Tí ọjọ́ bá pé tí obì ò pé, kò sí àlàyé tó dùn lẹ́nu. Lọ́dún tó ń bọ̀, ọ̀dọ̀ ẹlòmíì ló máa kọ́kọ́ yà sí. Òwò NLNG náà nìyẹn, àfi pé tiwọn jẹ́ àdéhùn ogún ọdún. Oníbàárà fọwọ́ sí i pé bóun gbé e, bóun ò gbé e, òun á sanwó. NLNG náà fọwọ́ sí i pé ẹrù ò ní yẹ̀. Ìwé àdéhùn yẹn ni báńkì wò kó tó yá wọn lówó kọ́ ilé-iṣẹ́.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé NLNG ò ní oko. Kì í wa gáàsì fúnra rẹ̀. Ó ń rà á lọ́wọ́ àwọn tó ni kànga ni, àwọn bíi Shell, Total àti Agip, tí wọ́n jọ ń ṣe é pẹ̀lú NNPC. Ìyá olóbì ni NLNG, àwọn yẹn ni olóko. Ní ọdún 2022, Philip Mshelbila tó jẹ́ ọ̀gá àgbà NLNG nígbà náà sọ ọ́ ní gbangba pé nǹkan bí ìdá 68 nínú 100 agbára ẹ̀rọ àwọn ló ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ wà ńlẹ̀, oníbàárà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹrù ni ò dé.

Kí ló dé tẹ́rù ò dé? Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti ìjọba fúnra rẹ̀. Nínú kànga tí NNPC àti Shell jọ ní, NNPC ló ni ìpín 55 nínú 100. Nínú ti Total àti ti Agip, ó ní 60. Bẹ́ẹ̀, kànga kì í gbẹ́ ara rẹ̀. Gbogbo ẹni tó nípìn-ín gbọ́dọ̀ dá owó, bí àjọ tẹ́ ẹ̀ ń dá lọ́jà. Tí epo bá jáde, ìjọba á tètè na ọwọ́ gba tirẹ̀. Tó bá di owó dídá, yóò ní kí wọ́n ṣe sùúrù. Nígbà tó fi máa di ìparí ọdún 2016, gbèsè àjọ yìí tó wà lọ́rùn NNPC ṣì lé ní bílíọ̀nù márùn-ún dọ́là, ìyẹn lẹ́yìn tí wọ́n ti bẹ àwọn òyìnbó títí tí wọ́n fi bá wọn dín in kù! Ẹ̀yin ìyálọ́jà, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ẹni tó ń kó àjọ tí kì í dá, kí lẹ máa ń ṣe fún un?

Èyí tí àwọn òyìnbó ṣe ni pé wọ́n dẹwọ́ nínú gbígbẹ́ kànga tuntun, nígbà tó yá wọ́n ta oko. Oando ra ti Agip ní oṣù kẹjọ ọdún 2024. Renaissance, tó jẹ́ pé àwọn ilé-iṣẹ́ ọmọ Nàìjíríà ló pọ̀ nínú rẹ̀, ra ti Shell tó wà lórí ilẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 2025. Ó dùn mọ́ni pé ọmọ ilé ló wà nídìí rẹ̀ báyìí. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ọgbọ́n òyìnbó o. Shell ò ta ìpín rẹ̀ nínú NLNG. Eni náà ò ta tiẹ̀. Oko ni wọ́n tà, wọn ò ta ìsọ̀ ọjà.

Ó wá ku àwọn olè. Ọmọ Rẹ́mọ ò nílò kí wọ́n ṣàlàyé ọ̀rọ̀ páìpù fún un, Mosimi wà nítòsí wa níbí. Epo bẹntiróò ni ti Mosimi, kì í ṣe gáàsì, àmọ́ àìsàn kan náà ló ń ṣe wọ́n. Páìpù NNPC tó ń gbé epo láti Atlas Cove ní Èkó wá sí Mosimi, àìmọye ìgbà ni wọ́n ti lu ú. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2012, àwọn òṣìṣẹ́ NNPC tó lọ tún un ṣe ní Arepo, lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, ìbọn ni àwọn olè fi pàdé wọn, wọ́n sì pa nínú wọn. Èyí tó ṣẹlẹ̀ sí páìpù kan ṣoṣo lọ́dọ̀ wa níbí nìyẹn. Ẹ wá fojú inú wo Niger Delta, níbi tí páìpù pọ̀ bí gbòǹgbò igi nísàlẹ̀ ilẹ̀.

Àwọn kan á ní epo rọ̀bì ni wọ́n ń jí níbẹ̀, kí ló kan gáàsì? Ó kàn án gan-an. Nínú ọ̀pọ̀ kànga, epo àti gáàsì jọ ń jáde ni. Tí olè bá lu páìpù epo tí ilé-iṣẹ́ sì ti kànga pa, gáàsì náà dáwọ́ dúró nìyẹn. Ní 2022, olè jíjà yìí le débi pé epo tó ń dé èbúté Bonny fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ tán, Shell sì kéde ní oṣù kẹta ọdún náà pé àwọn ò lè mú àdéhùn ṣẹ níbẹ̀ mọ́. Mo máa ń bi ara mi pé ta ló ń ra epo olè yìí? Kì í ṣe ohun téèyàn ń fi pamọ́ sábẹ́ ìró. Ọkọ̀ ojú omi ńlá ló ń gbé e, ojú omi yẹn sì ní àwọn ológun tó ń ṣọ́ ọ. Bí ogiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀.

Ojú ò tíì ríbi sinmi nígbà tí ti Ọlọ́run tún dé. Ẹ rántí omíyalé ọdún 2022, tó pa ènìyàn tó lé ní 600 káàkiri Nàìjíríà. Omi bo ibi tí àwọn olóko gáàsì ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n ti kànga pa. Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹwàá ọdún yẹn, NLNG kéde fún àwọn oníbàárà rẹ̀ pé ohun tó dé bá àwọn ju agbára àwọn lọ.

Àkókò wo lèyí ṣẹlẹ̀? Ibẹ̀ ló ti dùn mí jù. Ní oṣù kejì ọdún 2022 yẹn ni Rọ́ṣíà wọ Ukraine lójú ogun. Kó tó dìgbà náà, Gazprom, ilé-iṣẹ́ gáàsì tí ìjọba Rọ́ṣíà ń darí, ló ń ta gáàsì fún Yúróòpù ju ẹnikẹ́ni lọ. Ìjà dé, páìpù dí, Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ sí í sáré kiri bí ẹni tí iná ilé ń jó, wọ́n ní iye yòówù tó bá jẹ́ àwọn á san án. Iye owó gáàsì lágbàáyé fò lọ sókè gan-an. Gbogbo ẹni tó ní ẹrù nílẹ̀ ló pa owó. Potogí tó jẹ́ oníbàárà wa tipẹ́tipẹ́ ń rán ènìyàn sí wa pé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má já wa kulẹ̀. Àwa ńkọ́? Ọjà dé, ẹrù ò sí. Gazprom fi ìjà lé oníbàárà lọ, ó sì jẹ ìyà rẹ̀, nítorí ní 2023 ó pàdánù owó lápapọ̀ ọdún, èyí tí irú rẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ sí i láti 1999. Tiwa yàtọ̀. Àwa ò bá ẹnikẹ́ni jà, a kàn jókòó sídìí igbá òfìfo ni.

Ẹ wo Qatar. Ìlú kékeré ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa, gbogbo ènìyàn inú rẹ̀ ò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́ta lọ. Ìparí ọdún 1996 ni ọkọ̀ gáàsì wọn àkọ́kọ́ lọ, ọdún mẹ́ta péré ni wọ́n fi ṣáájú wa. Agbára tiwọn lónìí jẹ́ mílíọ̀nù 77 tọ́ọ̀nù lọ́dún. Tiwa ṣì wà níbi 22 tó wà láti 2007, a ò sì rí i kún.

Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ìtàn kan tó pa mí lẹ́rìn-ín tó tún mú mi bínú. Ní oṣù kẹfà ọdún 2013, NIMASA, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi, ní NLNG jẹ àwọn ní owó orí ọkọ̀. NLNG ní òfin tí wọ́n fi dá àwọn sílẹ̀ yọ àwọn kúrò nínú rẹ̀. Wọ́n ṣì ń jiyàn lọ́wọ́ nígbà tí NIMASA gbé ọkọ̀ dí ẹnu omi Bonny pa. Ọkọ̀ gáàsì kankan ò wọlé, ọ̀kankan ò jáde, fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ̀yin ará, ìjọba ló ni NIMASA. Ìjọba yìí kan náà ló ni ìpín tó tóbi jù nínú NLNG. Ó wá dà bíi kí baálé ilé jókòó sílé, kí ọmọ rẹ̀ kan lọ ti ìsọ̀ ìyá wọn pa lọ́jọ́ ọjà. NLNG san nǹkan bíi mílíọ̀nù 140 dọ́là pẹ̀lú ìbínú kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn, ó sì gba ilé ẹjọ́ lọ. Ọdún 2017 ni Ilé Ẹjọ́ Gíga ìjọba àpapọ̀ tó dá a láre. Èmi ò mọ irú oníbàárà tó máa gbọ́ irú ìtàn yìí tí ọkàn rẹ̀ á balẹ̀ láti bá wa ṣàdéhùn ogún ọdún míì.

Ìwà ìbàjẹ́ ńkọ́? Kò ṣe é fò dá. Nígbà tí wọ́n fẹ́ gbé iṣẹ́ kíkọ́ ilé-iṣẹ́ Bonny yìí jáde, ilé-iṣẹ́ òyìnbó mẹ́rin kóra jọ, wọ́n sì gba iṣẹ́ tó ju bílíọ̀nù mẹ́fà dọ́là lọ. Nínú ẹjọ́ tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà lẹ́yìn náà, ó hàn pé wọ́n ya owó tó tó mílíọ̀nù 182 dọ́là sọ́tọ̀ fún rìbá láàrin ọdún 1994 sí 2004. KBR, tó jẹ́ ti Halliburton nígbà náà, gbà níwájú adájọ́ ní 2009 pé àwọn jẹ̀bi, wọ́n sì san owó ìtanràn tabua. Wọ́n sọ ọ̀gá wọn sẹ́wọ̀n ní 2012. Ìlú òyìnbó nìyẹn o. Àwọn tó na ọwọ́ gbà á ní tiwa níhìn-ín ńkọ́? Ẹni tó bá mọ ọgbà ẹ̀wọ̀n tí wọ́n wà, kó júwe rẹ̀ fún mi.

Síbẹ̀, owó ń wọlé látibẹ̀, n ò ní purọ́ mọ́ wọn. Nígbà tí àwọn ìpínlẹ̀ ò rí owó oṣù san ní 2015, tí àwọn olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba ń yá gààrí jẹ, owó tó ti NLNG wá wà nínú ohun tó lé ní 400 bílíọ̀nù náírà tí ìjọba Bùhárí pín ní oṣù keje ọdún náà. Ìdí nìyẹn tí n kì í fi í bá àwọn tó ń pariwo pé kí wọ́n má ta gáàsì sókè òkun mọ́ gbá ẹgbẹ́. Ta ló ń gbin obì kó tó máa jẹ gbogbo rẹ̀ tán? Ẹni tó bá ta ọjà síta tó rí dọ́là ṣe dáadáa. Ohun tí mo ń bá ìjọba jà lé lórí ni pé àwọn kì í fi owó ẹ̀yìn odi tún oko ṣe, wọ́n sì tún ń ti ìlẹ̀kùn ìsọ̀ mọ́ ara wọn.

Ẹ̀yin wẹ́dà, ẹ̀yin télọ̀, ẹ̀yin onídìrí tẹ́ ẹ̀ ń fi gbogbo èrè ra epo sí jẹnẹrétọ̀, ọ̀rọ̀ yìí ò yọ yín sílẹ̀. Páìpù gáàsì ńlá kan ń ti Escravos bọ̀ wá sí Èkó. Òun ló ń gbé gáàsì fún ilé-iṣẹ́ iná ní Ẹ̀gbìn, òun náà sì ni ti Ọlọ́runṣògo ní Papalanto, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn wa níbí, gbójú lé. Gáàsì kì í tó wọn. Àwọn tó ń pèsè iná ń jẹ àwọn tó ń pèsè gáàsì lówó ní gbèsè, náírà sì ni owó ọ̀hún. Olóko tó ń rí dọ́là gbà lọ́wọ́ ará òkè òkun, tó ń rí ìwé gbèsè gbà lọ́wọ́ ará ilé, ẹ̀yin náà ẹ mọ ibi tó máa kọjú sí. Ìlà oòrùn, níhà Imo àti Rivers, ni gáàsì pọ̀ sí jù. Páìpù tí wọ́n ń pè ní OB3 ló yẹ kó gbé e sọdá Odò Ọya wá síhà ọ̀dọ̀ wa, ọdún lórí ọdún ni wọ́n sì fi há sídìí odò yẹn.

Ara páìpù Escravos yìí náà ni wọ́n ti ya omiran ní Itoki, lágbègbè Ìfọ̀. Ó gùn tó kìlómítà 678. Láti ilẹ̀ Ògùn ló ti wọ inú òkun lọ sí Kútọnù, Lomé, Tema títí dé Takoradi ní Gánà. Òun náà ti rí i. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2012, àwọn olè orí omi lépa ọkọ̀ kan létíkun Tógò, ìdákọ̀ró ọkọ̀ náà wọ́ páìpù já nísàlẹ̀ òkun, ó sì tó ọdún kan kí gáàsì tó tún máa lọ geere. Ní 2016, gbèsè tí Gánà jẹ mú kí wọ́n dín gáàsì wọn kù. Tí wọ́n bá ní Gánà ń jẹ iná wa, ẹ rántí pé kì í ṣe ọ̀fẹ́, àti pé bíi tiwa náà ni wọ́n ṣe ń sá fún olówó.

Kí n tó padà sídìí ìkòkò, ẹ jẹ́ kí n bínú díẹ̀ sí i. Òfin kan wà tí ìjọba ológun ṣe ní 1979. Ó ní tó bá fi máa di ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1984, ilé-iṣẹ́ epo kankan ò gbọ́dọ̀ máa dáná sun gáàsì dànù mọ́ láìgba àṣẹ. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ yẹn ti lé ní ogójì ọdún. Iná ọ̀hún ṣì ń jó lálẹ́ lálẹ́ ní Niger Delta, ìyá kan sì ń fẹ́ èédú lẹ́nu ní Ṣàgámù kí èbìrìpò tó lè jinná, èéfín ń ṣe é lẹ́yinjú, ó ń ṣe é láyà.

Ó di ìdí ìkòkò. Níbẹ̀rẹ̀ ọdún 2021, ẹni tó bá ní nǹkan bí 4,000 náírà lè kún sílíńdà 12.5 kílò. Kí ọdún náà tó parí, ó ti ju 7,000 lọ. Ní 2024 ó kọjá 15,000. Gáàsì ò dínkù nínú ilẹ̀ láàrin ìgbà yẹn o. Ìṣirò owó rẹ̀ ni wọ́n ń wo ojú ọjà àgbáyé ṣe, dọ́là sì ni wọ́n fi ń ṣe é níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023, àkàrà tẹ́ ẹ̀ ń tà fún ọmọ iléèwé di ohun tí dọ́là ń dá iye lé. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, Ekperikpe Ekpo, mínísítà tó ń rí sọ́rọ̀ gáàsì, ní láti ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ kó gáàsì ìdáná jáde mọ́, àfi ẹni tó bá máa kó iye kan náà wọlé padà, ó sì ní láàrin 90 ọjọ́ àwọn á gbé ìlànà iye tuntun jáde tí kò ní tẹ̀ lé ti òkè òkun. Ọdún kan lẹ́yìn ìyẹn, ìjà dé láàrin ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ PENGASSAN àti Dangote, ọjọ́ díẹ̀ ni wọ́n fi dáṣẹ́ dúró, kílò kan sì ti di 2,000 náírà láwọn ibì kan. Ọ̀gá NNPC, Bayo Ojulari, ní àwọn ọlọ́jà ló dá ọ̀wọ́n ọ̀hún sílẹ̀. Bóyá òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n orílẹ̀-èdè tó ní gáàsì tó lé ní 200 tirílíọ̀nù ẹsẹ̀ oníhà mẹ́fà nínú ilẹ̀, tí ìjà ọjọ́ díẹ̀ lè sọ ìdí àdògán rẹ̀ di tútù, kì í ṣe ọlọ́jà nìkan ló jẹ̀bi. Kò sí ibi tí wọ́n kó o pamọ́ sí ni.

Wọ́n ń kọ́ tírénì keje lọ́wọ́ ní Bonny. Ìparí ọdún 2019 ni wọ́n fọwọ́ sí i, iye rẹ̀ lé ní bílíọ̀nù mẹ́wàá dọ́là, yóò sì sọ mílíọ̀nù 22 di 30 tọ́ọ̀nù lọ́dún. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ dá pé yóò parí ti yẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣí i, wọ́n á jó, wọ́n á yin ara wọn, ẹ sì máa rí àwòrán wọn nínú ìwé ìròyìn. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi bi aṣojú yín tó bá wá bẹ ìbò wò ní Ìkẹ́nnẹ́ àti Ṣàgámù ò pọ̀: mẹ́fà àkọ́kọ́ ò rí gáàsì tó, níbo ni ti ìkeje máa ti wá? Ṣé ìjọba ti dá owó àjọ rẹ̀? Èló nínú èyí tó máa jáde níbẹ̀ ló máa di gáàsì ìdáná, èló ni wọ́n sì máa tà á fún wa?

Ẹ kọ̀wé sí mi o. Ẹ sọ iye tẹ́ ẹ ra kílò kan lọ́sẹ̀ yìí àti ìlú tẹ́ ẹ ti rà á, ì báà jẹ́ Ìpẹru, Ògèrè, Ìṣarà tàbí Ọ̀dẹ. Ẹni tó bá ti padà sídìí igi tàbí èédú, kó sọ ìgbà tó padà. Mo fẹ́ tẹ gbogbo rẹ̀ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.